“Kò le” ni àbí “kò lè”? Bí a ṣe ń fi fọ́ọ̀mù ìbéèrè wọn iṣẹ́ ọwọ́ àti ọrùn-ọwọ́ aláìsàn ní Èkìtì

Ìyá kan láti Ìkẹ́rẹ́ yọ̀ ṣubú lẹ́yìnkùlé rẹ̀ nígbà òjò. Ó na ọwọ́ ọ̀tún síwájú kí ojú rẹ̀ má baà gbá ilẹ̀, eegun ọrùn-ọwọ́ sì kán. Wọ́n fi POP, ìyẹn símẹ́ńtì funfun tí wọ́n fi ń di eegun, sí i, wọ́n tú POP, ó wá ń bá wa ṣe eré ìdárayá ọwọ́. Nígbà tó pé oṣù mẹ́ta, X-ray fi hàn pé eegun ti jọ, ó sì tọ́. Ẹ̀rọ tí aláìsàn máa ń fún pọ̀ kí a lè mọ agbára ìdìmú rẹ̀ sọ ohun tó dára. Inú wa dùn, a ń kí ara wa kú iṣẹ́. Ìyá wò wá títí, ó ní: “Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ ò wá bi mí ẹni tó ń gún iyán nílé mi báyìí.”

Ẹni tó bá mọ Èkìtì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe àwàdà. Obìnrin tí kò lè di ọmọ odó mú mọ́, kò tíì sàn lójú ara rẹ̀, ohun yòówù kí X-ray wí. Mo sì ti rí òdìkejì rẹ̀: bàbá àgbẹ̀ kan tí eegun ọrùn-ọwọ́ rẹ̀ jọ ní wíwọ́, tí X-ray rẹ̀ ń ba ènìyàn lẹ́rù, ṣùgbọ́n tó ń fi ọwọ́ náà ṣán oko kòkó láti àárọ̀ títí oòrùn fi máa kan àtàrí.

X-ray ń sọ ti eegun, ẹ̀rọ ń sọ ti agbára. Ohun tí ènìyàn lè fi ọwọ́ ṣe nínú ilé ara rẹ̀, òun nìkan ló mọ̀ ọ́n, ìbéèrè la sì fi ń gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn fọ́ọ̀mù ìbéèrè fi wà. Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún àwọn físíò, nọ́ọ̀sì àti dókítà tó ń tọ́jú ọwọ́ ní agbègbè wa, àti fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mú fọ́ọ̀mù tó bá ọwọ́ náà mu

Fọ́ọ̀mù pọ̀. Márùn-ún péré ni mo rò pé ó yẹ kí kílíníìkì kékeré mọ̀, ẹ kò sì nílò ju méjì lọ fún aláìsàn kan.

Èyí tó gbajúmọ̀ jù ni DASH. Àwọn onímọ̀ láti Amẹ́ríkà àti Kánádà ló ṣe é, wọ́n sì gbé e jáde ní 1996, ọdún kan náà tí Èkìtì di ìpínlẹ̀. Ìbéèrè 30 ló wà nínú rẹ̀. Láti èjìká dé ìka ló ń wò, ó sì ka ọwọ́ méjèèjì sí ohun èlò kan ṣoṣo: kò béèrè ọwọ́ tí ẹ fi ṣe nǹkan, bóyá ẹ rí i ṣe ló ń béèrè. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a óò padà sí i. Àbúrò rẹ̀ ni QuickDASH, tó ní ìbéèrè 11. Níbi tí aláìsàn ogún ti ń dúró tí físíò sì jẹ́ ẹyọ kan, QuickDASH ni mo máa ń lò, ojú kò tì mí.

Bó bá jẹ́ ọrùn-ọwọ́ nìkan ló ní wàhálà, bí i ti ìyá Ìkẹ́rẹ́ yẹn, PRWE ló ṣe tààrà jù. Kánádà ló ti wá, ní 1998. Ìbéèrè 15: márùn-ún lórí ìrora, mẹ́wàá lórí iṣẹ́. Òdo sí mẹ́wàá ni ìdáhùn kọ̀ọ̀kan, ó sì máa ń dárúkọ ọwọ́ tó ń dunni gan-an.

Fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ máa ń kú lóru, tó ń dìde gbọn ọwọ́ nù bí ẹni tí omi wà lọ́wọ́ rẹ̀ (mo ń rí i lára àwọn aránṣọ àti àwọn onídìrí), tí ẹ sì fura sí carpal tunnel, ìyẹn kí iṣan ìmọ̀lára há sínú ọrùn-ọwọ́, fọ́ọ̀mù Boston ni kí ẹ mú. Ó ti wà láti 1993. Ìbéèrè 11 lórí ohun tó ń ṣe é, 8 lórí ohun tí kò rọrùn fún un láti ṣe.

Michigan, MHQ, gùn: ìbéèrè 37, ó sì ń béèrè ti ọwọ́ ọ̀tún àti ti òsì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ó béèrè bí ọwọ́ ṣe rí lójú. Ẹni tí iná jó lọ́wọ́, tàbí tí làkúrègbé ti yí ìka rẹ̀ padà, tó ń fi ìborùn bo ọwọ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, kò sí fọ́ọ̀mù mìíràn nínú àwọn wọ̀nyí tó máa bi í ní ìbéèrè yẹn dáadáa. Èyí tí wọ́n gé kúrú wà, ìbéèrè 12.

Ìkarùn-ún ni mo fẹ́ràn jù, ṣùgbọ́n n kò ní í sọ̀rọ̀ rẹ̀ títí a ó fi dé ọ̀dọ̀ iyán.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wo èdè inú rẹ̀ kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́

Ẹ jókòó síbí pẹ̀lú mi, nítorí ibí ni mo ti fi ara gbọgbẹ́.

Nígbà kan, níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, ẹnì kan ràn wá lọ́wọ́, ó yí fọ́ọ̀mù kan sí Yorùbá, a tẹ̀ ẹ́ jáde láìfi àmì sí i. Ìdáhùn márùn-ún ló wà lábẹ́ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Èyí àkọ́kọ́, tó dára jù, ni “ko le rara”. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹni tó kọ ọ́ ní “kò le rárá” lọ́kàn, pé iṣẹ́ náà rọrùn. Ìdajì àwọn aláìsàn wa kà á sí “kò lè rárá”, pé ọwọ́ náà kò lè ṣe é. Ẹni tí ara rẹ̀ ti yá pátápátá àti ẹni tí kò lè gbé ife omi, ibì kan náà ni wọ́n fi bírò sí. A lo fọ́ọ̀mù yẹn fún oṣù mélòó kan kí bàbá tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì tó bi mí pé, “Ọmọ mi, èwo lẹ̀ ń bi mí nínú méjèèjì?” Gbogbo nọ́ńbà tí a ti kó jọ di omi ẹ̀kọ.

Látìgbà yẹn, mo ti yọ “le” kúrò nínú ọ̀rọ̀ mi. Báyìí ni mo ṣe ń kà á:

1 — kò ni mí lára rárá
2 — ó ni mí lára díẹ̀
3 — ó ni mí lára níwọ̀n
4 — ó ni mí lára gan-an
5 — n kò rí i ṣe

Ẹ ṣọ́ “ọwọ́” náà. Lẹ́nu wa, ọwọ́ lè jẹ́ àtẹ́lẹwọ́, ó sì lè jẹ́ láti èjìká títí dé èékánná. Ẹni tó ní “ọwọ́ ń dùn mí” lè máa sọ̀rọ̀ ọrùn-ọwọ́, ìgúnpá, tàbí ìrora tó ti ọrùn sọ̀ kalẹ̀. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ní kí ó fi ìka tọ́ka sí ibẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta ni.

Ìmọ̀lára pàápàá ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Fọ́ọ̀mù fẹ́ mọ̀ bóyá ọwọ́ ń ta. Ohun tí mo ń gbọ́ lẹ́nu aláìsàn ni “bí ìgbà tí èèrà ń rìn nínú rẹ̀”, “bí ìgbà tí abẹ́rẹ́ ń gún mi”, tàbí “ó kú mọ́ mi lọ́wọ́”. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ sílẹ̀, ẹ má kọ èyí tí ẹ rí nínú ìwé atúmọ̀ èdè. Yorùbá ilé ìwé sì kọ́ ni Yorùbá ìyá tó sọ kalẹ̀ láti Ọ̀tùn tàbí Ẹmùré, tó ń pe ilé ní “ulé”. Bí òǹkàwé fọ́ọ̀mù bá jẹ́ ọmọ Èkó, kí ó rọra kà á, kí ó sì múra láti tún un kà.

Ṣé ẹ lè yí fọ́ọ̀mù sí Yorùbá fúnra yín? Àwọn fọ́ọ̀mù wọ̀nyí ní àwọn tó ni wọ́n. Ẹ kọ́kọ́ lọ wo ibùdó àwọn tó ni ín lórí íntánẹ́ẹ̀tì bóyá Yorùbá ti wà níbẹ̀, kí ẹ sì gba àṣẹ. Bí kò bá sí, ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ fẹnu kò sí nìyí: ènìyàn méjì yí i sí Yorùbá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n jókòó, wọ́n pa méjèèjì pọ̀ di ẹyọ kan, ènìyàn méjì mìíràn tí kò rí ti Gẹ̀ẹ́sì rí yí i padà sí Gẹ̀ẹ́sì, ìgbìmọ̀ wò ó, lẹ́yìn náà ẹ dán an wò lọ́dọ̀ aláìsàn 30 sí 40, kí ẹ bi wọ́n ohun tó yé wọn nínú ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Aláìsàn 30 yìí ni ìbá gbà wá lọ́wọ́ “ko le rara”. A fò ó, a sì rí ohun tó bí.

Títí ìyẹn yóò fi parí, ohun tó ṣeé ṣe ni kí kílíníìkì yín fẹnu kò sí gbólóhùn kan fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú àmì, kí gbogbo yín máa kà á bákan náà. Kì í ṣe ìtumọ̀ tí ẹ fi lè kọ ìwé ìwádìí, ẹ sì gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n fún aláìsàn kan tí ẹ fẹ́ fi ti òní wé ti àná, ó sàn ju kí Túndé béèrè tirẹ̀, kí Bọ́lá béèrè tirẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ọjọ́ àkọ́kọ́ ni kí ẹ béèrè

Ìyá Ìkẹ́rẹ́ kò ní nọ́ńbà ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a bi í ní oṣù kẹta, tí QuickDASH rẹ̀ jẹ́ 56.8 nínú 100 (bó bá ṣe ga tó ló ṣe burú tó), a kò mọ̀ bóyá ó ti sọ̀ kalẹ̀ láti 90 tàbí ó ti dúró sójú kan láti ọjọ́ tí a tú POP. Nọ́ńbà kan ṣoṣo kò lè bá ènìyàn sọ̀rọ̀.

Fún ọrùn-ọwọ́ tó kán, ètò tí mo ń tẹ̀ lé nìyí: ọjọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wa, ọ̀sẹ̀ kẹfà tàbí ìgbà tí wọ́n bá tú POP, oṣù kẹta, oṣù kẹfà, ọdún kan. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ tún bi wọ́n bí ọwọ́ náà ṣe rí kí wọ́n tó ṣubú. Ìyá ẹni àádọ́rin ọdún tí làkúrègbé ti mú tẹ́lẹ̀ kò ní padà sí òdo, ẹ má sì fi òdo dá a lóró.

Ọ̀pọ̀ ni yóò ti lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń to eegun níbílẹ̀ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ kọ iye ọ̀sẹ̀ tó ti kọjá láti ọjọ́ tí wọ́n ṣèṣe, kì í ṣe láti ọjọ́ tí ẹ rí wọn. Ẹ má sì bá wọn jà. Ẹni tí ẹ bá bá jà lónìí kò ní dáhùn òtítọ́ lọ́la.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ jókòó, ẹ béèrè, ẹ dákẹ́

Ẹni tó lè kàwé, ẹ fún un ní fọ́ọ̀mù àti bírò, kí ẹ kúrò lórí rẹ̀. Ẹni tí kò lè kà á, ẹ kà á fún un. Ọ̀nà tí ẹ bá gbà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni kí ẹ gbà títí dé òpin, nítorí ohun tí ènìyàn máa fi bírò mú nígbà tó dá wà lè yàtọ̀ sí ohun tó máa sọ sí ọmọdé físíò létí.

Ẹ jókòó. Bí ẹ bá dúró lé àgbàlagbà lórí pẹ̀lú pákó ìkọ̀wé lọ́wọ́, ìdáhùn kúkurú ni ẹ ó gbà, ó sì tọ́ sí yín. Ẹ kí i tán, ẹ bi í léèrè ilé, kí ẹ tó ní “Mama, ẹ jọ̀ọ́, mo ní ìbéèrè mọ́kànlá kan, kò ní pẹ́.”

Ìṣòro àkọ́kọ́ ni ìkíni. Ẹ bi aláìsàn pé “Báwo lọwọ́?”, yóò ní “A dúpẹ́, ó ti sàn.” Ìdáhùn ìkíni nìyẹn, kì í ṣe ti fọ́ọ̀mù. Ẹ jẹ́ kí ó kí yín tán, kí ẹ sì mú ìbéèrè tó ní iṣẹ́ nínú wá: ìdérí ìgò, kọ́kọ́rọ́, ọ̀bẹ.

Ìkejì ni ìgbàgbọ́. Ẹ óò gbọ́ “Mi ò gbà á, ó ti tán ní orúkọ Jésù.” Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ má sì kọ 1. Ohun tí mo máa ń sọ ni: “Àmín, Mama, mo gba àdúrà yẹn. Ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ń bi yín, kì í ṣe ti ọ̀la.” N kò tíì rí ẹni tí inú rẹ̀ bí sí gbólóhùn yẹn. Wọ́n á rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n á wá sọ òótọ́.

Ìkẹta ni àwọn ọmọ. Ọmọbìnrin tó mú Mama wá fẹ́ràn láti dáhùn fún un. “Ìyá mi ò kì í ṣe nǹkan kan o, a ò kì í jẹ́ kí wọ́n ṣe é.” Ẹ̀yin wá rí wàhálà: Mama kò fọ aṣọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ṣé nítorí ọwọ́ ni, àbí nítorí ọmọ? Àwọn tó ṣe DASH ti ronú sí èyí. Ohun tí wọ́n ní kí á ṣe ni pé kí ẹni tí kò ní àǹfààní láti ṣe iṣẹ́ kan lọ́sẹ̀ náà fi ojú inú díwọ̀n ìdáhùn tó máa súnmọ́ òótọ́ jù. Ẹ wí fún un pé: “Ká ní ẹ̀yin nìkan lẹ wà nílé, tí ẹ sì fẹ́ fọ̀ ọ́, báwo ni ì bá ṣe rí?” Ọmọ lè jókòó, ṣùgbọ́n ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó jẹ́ kí Mama kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

“Ọ̀sẹ̀ tó kọjá” náà nílò èékàn tí a máa so ó mọ́. Lẹ́nu àwọn àgbà kan, ọ̀sẹ̀ lè jẹ́ ọjọ́ márùn-ún ti ọjà. Ẹ ní “láti Sọ́ńdè tó kọjá títí dòní”, ó ti parí.

Fún òdo sí mẹ́wàá ti PRWE, àwọn kan kò ní mú nọ́ńbà nínú afẹ́fẹ́. Mo máa ń da òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́wàá sílẹ̀ lórí tábìlì: “Bí kò bá dùn yín rárá, ẹ má mú ọ̀kankan. Bó bá jẹ́ ìrora tó burú jù tí ẹ lè rò, ẹ kó gbogbo rẹ̀.” Wọ́n á fi ọwọ́ tí kò dùn wọ́n ṣà á. Nígbà tí wọ́n bá ti kó méje, tí wọ́n tún dá ọ̀kan padà, ẹ mọ̀ pé wọ́n ń ronú.

Lẹ́yìn ìbéèrè, ẹ dákẹ́. Ẹ má sọ pé “Ó ti dín kù díẹ̀, àbí?” Aláìsàn wa ní ìtẹríba, bí ẹ bá ti fi ìdáhùn sẹ́nu rẹ̀, yóò gbé e mì.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: àwọn ìbéèrè tí kò bá ilẹ̀ wa mu, àti ibi tí iyán ti wọlé

DASH kíkún ń béèrè gọ́ọ̀fù, tẹníìsì, àti àwo ike kan tí àwọn òyìnbó máa ń jù síra wọn nínú pápá. Mo ti ka ìyẹn fún bàbá kan láti Ìgbẹ́mọ tó ń gbin ìrẹsì rí. Ó ní ṣé ẹni tí wọ́n jù ú sí ló máa jẹun nínú rẹ̀ ni. Kí ẹ tó fi ohun mìíràn rọ́pò rẹ̀, ẹ rántí pé ohun tí ìbéèrè náà ń wá ni eré tó gba agbára tàbí tó ń mú kí apá fì. Àpẹẹrẹ lẹ lè fi kún un: ìlù lílù, bọ́ọ̀lù aláfẹsẹ̀gbá tí ènìyàn fi ọwọ́ jù wọlé. Ìbéèrè fúnra rẹ̀ kò yí padà, àpẹẹrẹ náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà fún gbogbo ènìyàn.

Ìbéèrè 21 nínú DASH jẹ́ ti ìbálòpọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó bá ka ìyẹn sókè fún ìyá ẹni àádọ́rin ọdún níwájú ọmọ rẹ̀, kò ní rí ìdáhùn gidi gbà. Fọ́ọ̀mù gbà kí á fò tó ìbéèrè mẹ́ta nínú 30; ẹ jẹ́ kí ọ̀kan nínú mẹ́ta yẹn jẹ́ ìyẹn bí aláìsàn bá fẹ́, tàbí kí obìnrin béèrè lọ́wọ́ obìnrin ní ìkọ̀kọ̀. QuickDASH kò ní ìbéèrè yẹn. Kì í ṣe ìdí tí wọ́n fi gé e kúrú, ṣùgbọ́n mo dúpẹ́.

PRWE ń béèrè bóyá ènìyàn lè fi ọwọ́ tó ń dùn ún nu ìdí. Ẹ má fò ó. Lọ́dọ̀ wa, ọwọ́ òsì là ń lò níbẹ̀, ìwé tàbí omi, ọwọ́ ọ̀tún la sì fi ń jẹun tí a sì fi ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Ẹni tí ọrùn-ọwọ́ òsì rẹ̀ kán wà nínú ìtìjú tí kò ní sọ fún yín bí ẹ kò bá bi í. Ibí ni ìyàtọ̀ tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn ti jáde: DASH máa kà á sí “ó rí i ṣe” bí ó bá ti fi ọwọ́ kejì ṣe é, PRWE máa dúró lórí ọwọ́ tó ṣèṣe.

Kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó béèrè iyán. Bẹ́ẹ̀ ni wọn kò béèrè ìkòkò mímọ lọ́wọ́ àwọn ìyá Ìsàn, tàbí fífún epo pupa. Ohun tí mo ń lò fún ìyẹn ni ìkarùn-ún tí mo fi pamọ́: PSFS. Ọmọ Kánádà ni òun náà, 1995. Kò ní ìbéèrè tí wọ́n kọ sílẹ̀. Aláìsàn fúnra rẹ̀ ló máa dárúkọ iṣẹ́ mẹ́ta sí márùn-ún tí kò rí ṣe mọ́ tàbí tó ń ni í lára nítorí àìsàn náà, yóò sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní òdo sí mẹ́wàá. Òdo: n kò rí i ṣe. Mẹ́wàá: mò ń ṣe é bí i ti tẹ́lẹ̀. Ìyá Ìkẹ́rẹ́ dárúkọ iyán gígún, ó fún un ní 1. Aṣọ fífún, 3. Kí ó pọn ọmọ-ọmọ rẹ̀, 4. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni gbogbo rẹ̀ gbà, lójú tèmi ó sì sọ ju ojú ìwé mẹ́ta lọ.

Ẹ kọ iṣẹ́ náà sílẹ̀ bí ó ṣe pè é gan-an. Ìyàtọ̀ wà láàárín iyán ẹni méjì àti iyán ìnáwó.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ìṣirò

Fóònù yín ti tó. Fún DASH àti QuickDASH, ẹ ro gbogbo ìdáhùn pọ̀, ẹ fi iye ìbéèrè tó dáhùn pín in, ẹ yọ 1 kúrò, ẹ sọ èyí tó kù di ìlọ́po 25.

Ti ìyá Ìkẹ́rẹ́: 4, 4, 3, 4, 3, 5, 2, 4, 3, 2, 2. Àpapọ̀ 36. Ẹ fi 11 pín in, 3.27. Ẹ yọ 1, 2.27. Ní ìlọ́po 25, 56.8. Òdo ni ọwọ́ tó pé, 100 ni èyí tó burú jù.

Ká ní ó fo ìbéèrè eré ìdárayá tó fún ní 5: 31 pín sí 10, 3.1, yọ 1, 2.1, 52.5. Ìbéèrè kan péré lẹ lè fò nínú QuickDASH. Bó bá fo méjì, kò sí nọ́ńbà lọ́jọ́ yẹn. Ẹ pè é padà kí ó tó kúrò lọ́gbà. Aṣìṣe tí mo ń rí jù lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni pé wọ́n gbàgbé láti yọ 1, wọ́n á wá gbé 81 wá fún ẹni tó jẹ́ 56.

Fún PRWE, ẹ ro ìrora márùn-ún pọ̀. Ẹ ro iṣẹ́ mẹ́wàá pọ̀, ẹ dá a sí méjì. Ẹ pa méjèèjì pọ̀. Ìrora 31, iṣẹ́ 58 tí ìdajì rẹ̀ jẹ́ 29, àpapọ̀ 60 nínú 100. Ìbéèrè tí ó bá fò, ẹ fi ìpíndọ́gba àwọn tó kù ní apá yẹn dí i. Boston rọrùn: ìpíndọ́gba apá kọ̀ọ̀kan lásán, láàárín 1 àti 5.

Nọ́ńbà DASH, PRWE àti Boston ń lọ sókè bí ọwọ́ bá ń burú. PSFS àti èyí tó pọ̀ jù nínú Michigan ń lọ sókè bí ọwọ́ bá ń dára, àfi ìrora inú Michigan tó yí padà. Ẹ kọ “òdo ló dára” tàbí “òdo ló burú” sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan nínú fáìlì. Mo ti rí lẹ́tà tó yin aláìsàn pé ó gorí 70 nínú fọ́ọ̀mù tí òdo ti dára jù.

Ìgbésẹ̀ keje: ìyàtọ̀ wo ló tó ìyàtọ̀?

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn ìbéèrè àkọ́kọ́, QuickDASH ìyá náà di 47.7. Ó fi 9 dín kù. Akẹ́kọ̀ọ́ wa patẹ́wọ́. Mo ní kí ó dúró ná. Ènìyàn lè fi ìyẹn yàtọ̀ nítorí ó sùn dáadáa lánàá. Àwọn olùwádìí kò fẹnu kò sórí iye kan fún ìyàtọ̀ tí aláìsàn máa ń rí lára. Fún QuickDASH, ohun tí wọ́n ń sọ wà láti nǹkan bí 8 dé 16. Èmi ń lo 16, mo fẹ́ kí ó dá mi lójú kí n tó yọ̀. Fún DASH kíkún, nǹkan bí 10 sí 11. Fún PRWE lára ẹni tí ọrùn-ọwọ́ rẹ̀ kán, nǹkan bí 11 tàbí 12. Fún PSFS, 2 lórí ìpíndọ́gba gbogbo iṣẹ́, 3 lórí iṣẹ́ kan ṣoṣo.

Bí nọ́ńbà kò bá mì láàárín ìgbà méjì, ẹ má kọ́kọ́ fi kún eré ìdárayá. Ẹ wo ìbéèrè tó dúró gbagidi. Ti ìyá yìí, ìrora ń lọ, ṣùgbọ́n ìgò ṣíṣí kò kúrò ní 4, ọ̀bẹ kò sì kúrò ní 3. A padà yẹ ọwọ́ náà wò: kò lè yí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sókè tán. Gbogbo eré tí a ti ń fún un jẹ́ ti fífà sókè àti sísọ̀ kalẹ̀, a kò yí i. Fọ́ọ̀mù ló fi hàn wá, X-ray kò sọ ọ́.

Nọ́ńbà tó dédé burú sí i lójijì, pàápàá bí ọwọ́ bá wú, tó ń gbóná, tí ìka sì le gbagidi, ẹ má dúró de oṣù tó kàn; kí dókítà eegun rí i lọ́sẹ̀ yẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ibi ìpamọ́

Ojú ìwé kan níwájú fáìlì: déètì, orúkọ fọ́ọ̀mù, èdè tí ẹ fi béèrè, ẹni tó béèrè, ó kà á fúnra rẹ̀ tàbí a kà á fún un, nọ́ńbà. Aláìsàn tí owó ọkọ̀ láti Ẹ̀fọ̀n tàbí Ìkọ̀lé bá sú, ẹ pè é lórí fóònù, kí ẹ sì kọ “fóònù” síbẹ̀. QuickDASH àti PSFS ṣeé béèrè bẹ́ẹ̀ bí iná fóònù kò bá kú.

Mo pe ìyá Ìkẹ́rẹ́ nígbà tó pé oṣù kẹfà tó ti ṣubú. A ka ìbéèrè mọ́kànlá náà, àpapọ̀ rẹ̀ 21, ìyẹn 22.7. Mo wá ní, “Iyán ńkọ́, Mama?”

Ó dákẹ́ díẹ̀, mo ń gbọ́ ariwo odó ẹnì kan lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, “Ẹ kọ mẹ́fà. Ti ẹni méjì ni o, kì í ṣe ti ìnáwó.”

Mo kọ 6, mo kọ “ti ẹni méjì” sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo fi déètì sí i.